Ṣé kí ẹ fẹ̀yìntì ní ọdún 57, àbí kí ẹ dúró di 60?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti pé ọmọ ọdún 57, pé iṣẹ́ yín ní Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòlàbà ti sú yín, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi í sílẹ̀ báyìí, kí ẹ lọ máa sin adìyẹ ní Mọ́níyà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ ṣì dúró. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín àti ìdá 10 tí ìjọba ń fi kún un ló ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni méjèèjì dáwọ́ dúró. Ẹ ti máa rò ó bóyá ẹ ó máa gba owó náà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ìyókù lè di ti àwọn ọmọ bí ọlọ́jọ́ bá dé, tàbí ẹ ó kó o fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa san iye kan fún yín títí ọjọ́ ayé yín.

Ní ti adìyẹ, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá mi kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì wọn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọn ìsàlẹ̀ àpò oúnjẹ adìyẹ, nítorí pé owó tí wọn ó fi ra òmíràn ti tán, adìyẹ kò sì tíì yé ẹyin kan. Ẹ kọ́kọ́ fi adìyẹ 50 dán an wò, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ ní Sátidé, nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ẹ sì bi ìyá àwọn ọmọ léèrè bóyá àwọn náà fẹ́ kúrò nídìí ọjà wọn ní Bódìjà.