TXHPD0000: Orúkọ tí àgọ́ ọlọ́pàá ń jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn tí bàbá mi papò dà, mo ń tú fáìlì wọn wò, mo wá rí ìwé tí àwọn ọlọ́pàá Houston kọ fún wọn ní 1985, nígbà tí wọ́n jí Oldsmobile wọn gbé. Louisiana ni wọ́n ti padà rí ọkọ̀ náà. Lókè ìwé yìí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ORI: TXHPD0000. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Báwo sì ni ọlọ́pàá Louisiana ṣe mọ̀, láyé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, pé Houston ni ọkọ̀ náà ti sọnù? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ ire. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi lo béèrè yìí. Nídìí ẹ̀rọ ọlọ́pàá ní ìlú kékeré kan ní Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí mò ń gba ìpè rédíò, tí mo sì ń tẹ ìbéèrè ránṣẹ́.

TXHPD0000 kì í ṣe nọ́ńbà ẹjọ́ bàbá rẹ. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Houston ń jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá FBI ni. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1967 ni FBI ṣí kọ̀ǹpútà náà ní Washington, NCIC ni wọ́n ń pè é, ibi 15 péré ló sì kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Àwọn tí òfin ń wá, ọkọ̀ tí wọ́n jí, nọ́ńbà ọkọ̀, ìbọn àtàwọn ẹrù mìíràn tí wọ́n jí ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

ORI ni wọ́n ń pe irú orúkọ àgọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì mẹ́sàn-án ni, kì í dín, kì í lé. Méjì àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀: TX ni Texas, LA ni Louisiana. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà kaúńtì. Harris, tí Houston wà nínú rẹ̀, ni 101, ìyẹn ni ti ṣẹ́rífù Harris fi jẹ́ TX1010000. Àwọn ìlú ńlá bíi Houston àti Dallas gba lẹ́tà dípò nọ́ńbà, HPD àti DPD. Àgọ́ tó bá ní ẹ̀ka púpọ̀ lè gba àmì míì dípò òdo méjì tó kẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ẹ̀ka tó ń sọ̀rọ̀.

Orúkọ tí Washington mọ̀ nìyẹn. Àmọ́ láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ wa kì í lọ sí Washington tààrà, Austin tó jẹ́ olú-ìlú Texas ló ń gbà kọjá, lórí okùn tẹlifóònù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní Austin, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì mẹ́rin tirẹ̀, kódà bí mẹ́ta bá jókòó sínú yàrá kan náà. Austin mọ ẹ̀rọ tó ń pè, ó sì mọ ORI tí ẹ̀rọ náà láṣẹ láti lò. Bí mo bá tẹ ORI ìlú ẹlòmíì, ó máa dá ọ̀rọ̀ mi padà ni.

Ó yá, ọkọ̀ bàbá. Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ sùn, Houston tẹ EV, àṣẹ tó ń fi ọkọ̀ sínú àkọsílẹ̀, ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà sínú NCIC pẹ̀lú ORI tirẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá Louisiana wá rí ọkọ̀ náà, ó ké sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lórí rédíò, onítọ̀hún tẹ QV, tó ń béèrè nípa ọkọ̀, ORI tiwọn, LIC/ àti nọ́ńbà ọkọ̀, LIS/TX, ìyẹn ni pé nọ́ńbà Texas ni. Ìdáhùn dé, ORI/TXHPD0000 sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Mi ò lè gbàgbé ìlà tó máa ń gbẹ̀yìn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀: IMMED CONFIRM RECORD WITH ORI. Ó ń pàṣẹ pé kí a kàn sí àgọ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a bi í bóyá wọ́n ṣì ń wá ọkọ̀ náà, ká tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti rò pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ti tó. Fún àwa, kò tó.

Nínú gbogbo àgọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ORI orí àkọsílẹ̀ nìkan ló lè tún un kọ. Agbára ńlá nìyẹn, ó sì ti fìyà jẹ èèyàn. Ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá lẹ́wọ̀n ní Alabama ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Michigan. Ní 1982, ọlọ́pàá Los Angeles fi orúkọ yẹn sínú NCIC pé apànìyàn ni, wọn kò sì kọ àpá àti àmì ara ọ̀daràn náà sí i. Léraléra ni wọ́n mú aláìṣẹ̀ yìí títí di 1984, wọ́n tún na ìbọn sí i. Ọlọ́pàá Michigan rí i pé kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ORI Los Angeles ló wà lórí àkọsílẹ̀. Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní California ló dá a láre ní 1987. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹnì kan ló jókòó tó tẹ̀ ẹ́. ORI ń sọ ilé iṣẹ́, kì í sọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń tẹ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wa mọ́ ọn, mo sì fara mọ́ ọn délẹ̀délẹ̀.

Tún ìwé bàbá yẹ̀ wò dáadáa. Louisiana lè tẹ LV, pé àwọn ti rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n Houston ló ni CV tó ń yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ bá wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàbá fi lè wa Oldsmobile wọn padà sílé láìsí pé ẹnikẹ́ni dá wọn dúró lọ́nà bí olè.