Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bátìrì Tí Wọ́n Gbé Sódì àti Ẹ́ẹ̀tì Tó Ń Ga

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Rewáyà ni mí ní Ìsọ̀kún, Ìlẹ́ṣà. Mo fi IC high-side switch (swíìsì oní-ẹ̀rọ tó wà láàárín pọ́sítíìfù àti ohun tó ń tan) ṣe bọ́ọ̀dù tó ń tan búlọ́ọ̀bù wáàtì 21 méjì àti fáànù rẹ́díétọ̀ tó ń jẹ áńpù 8. Ọmọ iṣẹ́ gbé bátìrì sódì, IC jó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì so rẹ̀sísítọ̀ óòmù 150 mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ tó lọ sí nẹ́gétíìfù. Ní báyìí, bí fáànù bá ti gbéra, búlọ́ọ̀bù a máa ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún un, oní-fóòtì 3.3, wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bí bátìrì bá wà bó ṣe yẹ, iná ń gba ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù wọ inú IC, ó ń gba ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì jáde. Tí wọ́n bá gbé e sódì, ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wọlé, dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) tó wà nínú ara IC fúnra rẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Rẹ̀sísítọ̀ yín ló ń dín in kù sí nǹkan bíi mílíáńpù 75. Ooru rẹ̀ nígbà náà tó wáàtì 0.85, nítorí náà oní-wáàtì 0.25 tó wọ́pọ̀ nínú ọjà yóò jó. Oní-wáàtì 2 ni kí ẹ wá.

Àmọ́ rẹ̀sísítọ̀ náà kì í sinmi lọ́jọ́ tí bátìrì wà dáadáa. Bí IC bá ń mu mílíáńpù 4 fún ara rẹ̀, lórí óòmù 150, fóòtì 0.6 nìyẹn: ẹ́ẹ̀tì inú IC ti ga ju ti bọ́ọ̀dù lọ. Áńpù 8 ti fáànù sì ń gba bóòtù ẹ́ẹ̀tì kan náà padà sí bátìrì. Bí ìpẹtà tó jẹ́ óòmù 0.1 péré bá wà níbẹ̀, fóòtì 0.8 mìíràn tún dé. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú fóòtì 3.3 tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ, ó ku 1.9. Ọ̀pọ̀ irú IC yìí ń fẹ́ tó fóòtì 2 kó tó gbà pé wọ́n ní kóun tàn. Ó gbọ́ o, kò gbọ́ o, ìdí tó fi ń ṣẹ́jú nìyẹn. Ẹ má sì rò pé 0.8 ti pọ̀ jù: fóòtì 1 ni ISO 16750-2, ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ iná ọkọ̀, fi ń dán ìyàtọ̀ ẹ́ẹ̀tì wò.

Ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi wáyà dúdú mítà sórí nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, pupa sórí bóòtù ẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù, kí ẹ tan fáànù. Bó bá ju fóòtì 0.1 lọ, ẹ tú bóòtù náà, ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà títí irin yóò fi dán, ẹ dè é le, ẹ fi gíríìsì bò ó. A mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tó ń gbayì lójú oníbàárà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ẹ́ẹ̀tì fáànù sọ́tọ̀, wáyà mm² 2.5 tààrà sí nẹ́gétíìfù bátìrì.

Ẹ lè fi dáyóòdù 1N4007 rọ́pò rẹ̀sísítọ̀ náà, kí orí tó ní ìlà kọjú sí ẹ́ẹ̀tì, kí óòmù 1000 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí fáànù. Fún IC kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí IC méjì bá pín in lò, rẹ̀sísítọ̀ 150 yóò di fóòtì 1.2, dáyóòdù kò ní kúrò ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.7.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: gbogbo èyí kò dáàbò bo ọ̀nà ẹrù, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà dé búlọ́ọ̀bù àti fáànù. Tí bátìrì bá wà sódì, iná yóò gba inú MOSFET (swíìsì gan-an tó wà nínú IC) kọjá sí búlọ́ọ̀bù àti fáànù láìgba àṣẹ. Fáànù yóò máa yí sẹ́yìn, IC yóò sì máa gba ooru bíi wáàtì 6 nítorí fáànù nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ààbò ooru inú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ fi P-channel MOSFET oní-fóòtì 40, mílíóòmù 10, sí ẹnu ọ̀nà pọ́sítíìfù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: drain kọjú sí bátìrì, source sí bọ́ọ̀dù, gate gba óòmù 10,000 lọ sí ẹ́ẹ̀tì, dáyóòdù zener fóòtì 15 láàárín gate àti source, kí orí onílà rẹ̀ wà lórí source. Fún fáànù, ooru rẹ̀ kò tó wáàtì 0.7. Bó bá jẹ́ dáyóòdù Schottky lẹ fi síbẹ̀, ooru rẹ̀ á tó wáàtì 4.

Ìbéèrè: Ṣé dáyóòdù ńlá kan lórí kébù bátìrì kò ní tó fún gbogbo ọkọ̀? — Láti Lagere, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Rárá. Bí kíkì (mọ́tò tó ń gbé ẹ́ńjìnnì dìde) bá fa áńpù 150, dáyóòdù á jẹ nǹkan bíi wáàtì 120. Èyí tó burú jù ni pé ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú ọkọ̀) kò ní lè gba ibẹ̀ padà láti ṣáàjì bátìrì. Nígbà tí wọ́n bá gbé bátìrì sódì, dáyóòdù inú ọ́tánétọ̀ ló ń so orí méjèèjì pọ̀, fíúsì ńlá á sì já. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì yẹn láé. Bátìrì méjì lè jọra kí orí wọn yí padà, torí náà kí ẹ tó dè é, ẹ wo àmì + àti −. Orí pọ́sítíìfù sì máa ń sanra ju ti nẹ́gétíìfù lọ.