Àbúrò mi ti ẹ̀wọ̀n dé, kò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ mí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Los Angeles la wà. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, ọ̀dọ̀ mi lọmọ ẹ̀ wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ti pé oṣù márùn-ún tó ti jáde, a jọ ń gbélé ni, àmọ́ ó ti ń sú mi. Tọ́mọ bá ti iléèwé dé báyìí, àbúrò mi á bọ́ bàtà ọmọ, á yẹ ẹsẹ̀ wò, á yẹ ọwọ́ wò, tó bá ti rí ibi tó họ, á ya fọ́tò ẹ̀, á kọ déètì sínú ìwé. Ọmọ ọdún méje tó ń sáré kiri! Mo ní ṣé èmi ni mi ò tọ́jú ọmọ ni, ló bá bú sẹ́kún. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ló ń ya fọ́tò yẹn dè, ìjọba ló ń yà á dè.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan wà, Susila Gurusami, South Los Angeles níbẹ̀ yẹn náà ló ti ṣèwádìí ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ẹ̀wọ̀n dé, kì í ṣe pé ó kàn pín fọ́ọ̀mù fún wọn o, ó wà pẹ̀lú wọn fún ìgbà pípẹ́. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde lọ́dún 2019, ó ní yàtọ̀ sí oúnjẹ àti iléèwé, àwọn ìyá yìí tún ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìjọba fúnra ẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn wo ọmọ, wọ́n ń sáré tí wàhálà bá ti já lu ọmọ, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì kí wàhálà tó dé rárá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àbúrò yín ń ṣe. Lójú tiẹ̀, ọgbẹ́ kékeré lè di ẹjọ́, torí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ta ló máa kọ́kọ́ gbà á gbọ́?

Ẹ̀rù yẹn sì nídìí. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1997, tọ́mọ bá ti wà lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn foster care, fún oṣù 15 nínú oṣù 22, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba kóòtù lọ láti gba ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí pátápátá, àfi tí nǹkan kan bá yọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó lè yọ ọ́ ni kọ́mọ wà lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ ṣírò ọdún mẹ́ta wò, Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ wá mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un nígbà tẹ́ ẹ gbọ́mọ yẹn.

Tó bá ń fẹ́ àwọn tí wọ́n jọ gba ọ̀nà yìí, Susan Burton tóun náà ṣẹ̀wọ̀n rí dá A New Way of Life sílẹ̀ ní Watts, ní Los Angeles yín níbẹ̀ náà, lọ́dún 1998, ilé ló fi ń gba àwọn obìnrin tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé, ẹ bá a pè wọ́n, àmọ́ ẹ tẹ̀ lé e lọ o, ẹ má fi nọ́ńbà lé e lọ́wọ́ lásán.

Ẹ má ní kó jáwọ́ níbi fọ́tò yẹn ná. Tọ́mọ bá dé lónìí, ẹ jókòó tì wọ́n. Tó bá họ lórúnkún, ẹ bi ọmọ pé níbo ló ti ṣubú, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, kẹ́ ẹ sáìn sí i.