Hilux tó ń dógùn-ún: iṣẹ́ tó wà níwájú ọ̀dà kíkùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux onílẹ̀kùn méjì ti ọdún 1999 ni mo ní. Àgbádárìgì ni mo ń gbé, ẹja àti yìnyín ni mo fi ń kó. Abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ti jẹ, ọ̀dà òkè táyà ẹ̀yìn sì ń lé ròrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi bọ́dì fílà dí i, kò ju oṣù mélòó kan lọ tó fi tún yọ. Mo ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, mo sì fẹ́ ṣe é fúnra mi nínú ọgbà ilé. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí á fi pẹ́, kí ni kí n sì rà?

Ìdáhùn: Inú ló ti ń jẹ, ìta ni wọ́n ń dí. Ìdí tó fi ń padà yọ nìyẹn. Omi iyọ̀ tó ń jò lára ẹja ń gba ojú ibi tí irin méjì ti pàdé wọlé, á lọ jókòó síbi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Bọ́dì fílà ní tirẹ̀ ń fa omi. Tí ẹ bá fi dí ihò, omi á ti ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, ìpáàrà á máa jẹ irin lọ lábẹ́ rẹ̀, títí yóò fi ti fílà àti ọ̀dà kúrò lára irin. Nítorí náà, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Owó àti àkókò tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ara irin ni kó lọ.

Ṣáásì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá ibi tí súpúríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Ẹ fi òòlù kàn án. Tí òòlù bá wọlé, tàbí tí irin ń ṣí ní ìpele-ìpele, ẹ dúró níbẹ̀: ajórin tó ń ṣe ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù ló ni iṣẹ́ yẹn. Ọkọ̀ tí ṣáásì rẹ̀ ti lu kò yẹ kó gbé ẹrù, kódà kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán.

Tí ṣáásì bá le, ẹ wá sí bọ́dì. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré kan, kí ẹ máa fà á lọ lára rẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi sukurudẹráfà máa tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ìdí bátìrì, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àti abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú. Ibi tó bá ti tẹ̀ sínú, ẹ má ṣàánú rẹ̀, gígé ni. Àpótí ẹ̀yìn Hilux, bóòtù ló fi jókòó lórí ṣáásì. Ẹ fi epo sí àwọn bóòtù náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tú wọn, kí ọkùnrin mẹ́rin sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àárín òun àti ṣáásì ni ẹrẹ̀ àti iyọ̀ máa ń pamọ́ sí.

Kí iná tó kan irin, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù. Ẹ sọ táńkì epo kalẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí gáàsì epo ló kún inú rẹ̀. Ẹ gbé ohun ìpaná sí tòsí.

Ẹ gé irin tó jẹ náà kọjá ibi tí ojú ti rí ìpáàrà, bíi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, títí tí ẹ ó fi bá irin tó le. Irin dúdú géèjì 20, tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.9, ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má lo páànù òrùlé: ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín síńkì ara rẹ̀ sì jẹ́ májèlé tí iná bá kàn án. Tí ẹ kò bá mọ irin jó, ibí yìí gan-an ni kí ẹ sanwó fún ajórin tó ní ẹ̀rọ MIG, èyí tí wáyà ìjórin ń tẹnu rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń jó géètì á lu irin fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná gáàsì sì ń jẹ́ kó wọ́. Kí ajórin náà máa jó o ní ẹyọ-ẹyọ, ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ lè gba ooru rẹ̀ kó tó kan òmíràn. Ẹni tó bá fà á láìdáwọ́ dúró, irin rẹ̀ á wú bí abọ́ tí wọ́n gbé kà lórí iná, fílà rẹpẹtẹ ni yóò sì gbà.

Ibi tí kò lu, tó kàn dógùn-ún lójú, ẹ fi gíráńdà oníwáyà àti sáńpépà 80 ha á títí irin á fi funfun. Bí àmì dúdú tín-tìn-tín bá ṣì wà nínú àwọn ihò kékeré, ẹ fi oògùn ìpáàrà tó ní phosphoric acid sí i, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ sì tètè gbẹ ẹ́, torí epoxy, ìyẹn púráímà tí ẹ ó kọ́kọ́ fín sára irin, kì í di ojú ásíìdì mú.

Irin tó ti funfun kò gbọdọ̀ sun ìta ní Àgbádárìgì. Afẹ́fẹ́ òkun ti tó. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án nírọ̀lẹ́, ní òwúrọ̀ ẹ ó rí àmì ìka yín lára rẹ̀ ní àwọ̀ pupa. Iye tí ẹ bá lè ha tán lójúmọ́ ni kí ẹ ha, kí ẹ fi oògùn ìfọ̀ọ̀rá nù ún (bẹntiróò kọ́, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀), kí ẹ sì fín epoxy púráímà sí i lọ́jọ́ náà.

Orí epoxy tí ẹ ti ha díẹ̀ ni bọ́dì fílà máa jókòó sí. Gíráàmù 100 fílà, gíráàmù 2 hádínà. Tí hádínà bá pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń la ọ̀dà funfun kọjá lẹ́yìn náà; tó bá kéré, fílà kò ní le láéláé. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, torí nínú oòrùn wa, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi le. Kó má nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Tí kílò 2 kò bá tó gbogbo ọkọ̀, iṣẹ́ irin ni kò tíì dáa. Gbígbẹ ni kí ẹ fi sáńpépà ha á, 80, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 320, kí sáńpépà wà lára igi pẹlẹbẹ. Ẹ má fi omi kàn án rárá.

Lẹ́yìn èyí ni púráímà 2K (èyí tí wọ́n ń pò mọ́ hádínà kó tó le), ìpele 2 tàbí 3. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀dà dúdú fín eruku fẹ́rẹ́ sójú rẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà 600 àti omi ha á. Ibi tí dúdú bá kù sí, ibẹ̀ ló ṣì jìn.

Fún ọkọ̀ iṣẹ́, funfun tí kò ní dídán wúrà tàbí fàdákà nínú ni mo fara mọ́, 2K tí kò nílò kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fín sórí ọ̀dà kó lè dán). Bí ó bá ha lọ́la, ẹ ó lè tún ibẹ̀ nìkan fín. Lítà 4 ọ̀dà, hádínà àti tínà ní ìwọ̀n tó wà lára agolo rẹ̀, epoxy lítà 2, púráímà lítà 3: ìyẹn tó fún ìta Hilux onílẹ̀kùn méjì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí: kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà 2K. Ó lè fa ikọ́ efée tí kì í lọ mọ́. Ìbomú aláṣọ kò dí i lọ́wọ́ rárá; èyí tí páìpù ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wá sí ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ọmọdé àti àwọn ará ilé sì jìnnà síbẹ̀. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ dé ojú fílà, kí ẹ sì gbé ìyókù fún pẹ́ńtà tó ní in. Kò bu yín kù, torí apá tó ń mú iṣẹ́ pẹ́ ti tọwọ́ yín jáde.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó fín in, kì í ṣe àsìkò òjò, kì í ṣe nígbà tí ọyẹ́ ń gbé eruku. Òwúrọ̀ ló dára, lábẹ́ ìbòji, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀. Ẹ tú omi inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ omi sẹ́nu páìpù. Nǹkan bíi 30 psi lẹ́nu gọ́ọ̀nù, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ara ọkọ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín ìpele. Bí ọ̀dà bá ń sá sẹ́yìn, tó ń ṣí ojú róbótó-róbótó sílẹ̀, ọ̀rá tàbí oògùn ìdántáyà ti kan ibẹ̀. Bó bá hó wẹ́wẹ́, oòrùn mú un tàbí ẹ kánjú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fín wáàsì bọ́dì (ìda tí kì í jẹ́ kí omi kan irin) sínú ihò abẹ́ ilẹ̀kùn àti inú ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, ó ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ la gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ọkọ̀. Kí ẹja àti yìnyín máa wà nínú kúlà tó ní ìdérí, kí ẹ sì máa fi omi kànga fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e. Tí àwọ̀ tuntun bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ lọ yí i padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e sí títì.