Òkè tó kéré tó sì le jù: ìbéèrè kan láti Bódìjà lórí Everest àti K2

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àwa kan wà ní Bódìjà níbí tí a máa ń kóra jọ lọ gun òkè. A ti gun Àdó-Àwáyè, a ti gun Ìdànrè, a sì fẹ́ jáde kúrò nílé báyìí. Ọ̀kan nínú wa ní Everest ni òun ń tọ́jú owó dè. Ẹnì kejì ní kí ló ń jẹ́ Everest, pé K2 kéré sí i, nítorí náà ó máa rọrùn jù ú lọ. Èmi sì ti gbọ́ pé K2 burú ju Everest lọ, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ṣé irú òkúta tó wà lára òkè ló ń fa irú èyí? Kí ló yẹ ká wò ká tó yan òkè?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbìyànjú o. Bẹ́ẹ̀ ni, òkúta wà nídìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Iye mítà tí òkè fi ga kì í sọ bí ó ṣe máa rí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún. Irú òkúta tó wà níbẹ̀, ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ sí, àti bí ó ṣe sán, ìwọ̀nyí ni mo máa ń fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè.

Ẹni tó ní K2 kéré kò purọ́. Everest ga tó 8,848.86 mítà gẹ́gẹ́ bí Nepal àti Ṣáínà ṣe jọ kéde ní 2020, K2 sì jẹ́ 8,611. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó 240 mítà. Téèyàn bá ti kọjá 8,000 mítà, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ lórí méjèèjì débi pé 240 mítà yẹn kò tó nǹkan tí èèyàn fi ń yan òkè. Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín máa bá pàdé ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn sì ti wà láti ìgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń kóra jọ.

Everest wà lára ọ̀wọ́ òkè Himaláyà, K2 wà lára ọ̀wọ́ òkè Karakoram, lẹ́nu ààlà Pàkísítáánì àti Ṣáínà. Òkè 14 ló ga ju 8,000 mítà lọ láyé, inú ọ̀wọ́ òkè méjèèjì yìí ni gbogbo wọn wà. Nígbà kan rí, ilẹ̀ Íńdíà dá wà lọ́tọ̀, òkun tí àwa onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Tethys ló wà láàárín rẹ̀ àti Éṣíà. Ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Íńdíà kọ lu Éṣíà. Kò tíì dẹ́kun títì di òní olónìí, Himaláyà sì ń gba bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú títì náà mọ́ra lọ́dọọdún. Agbára tó ń kó jọ síbẹ̀ ló tú jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015, tí ilẹ̀ Nepal fi mì tìtì, tí yìnyín sì já lu àgọ́ tó wà nísàlẹ̀ Everest.

Nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì ń fún òkun náà mọ́, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ríbi gbà. Ó ká, ó gun ara rẹ̀, ó sì gòkè. Ìdí nìyí tí orí Everest gan-an fi jẹ́ òkúta ẹfun, ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì, àmọ́ tòkè yẹn ti pẹ́ ju ti Ewékorò lọ fíìfíì: ó ti lé ní 450 mílíọ̀nù ọdún. Bí a bá ha ègé rẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí a wá fi í sábẹ́ maikirosikóòpù, àwókù ara àwọn ẹ̀dá inú òkun la máa rí nínú rẹ̀, trilobite àti crinoid. Mo máa ń fẹ́ràn láti sọ èyí fún àwọn tó ń múra àtilọ, torí ẹni tó bá dúró lórí òkè tó ga jù láyé, ìsàlẹ̀ òkun ló dúró lé.

Lábẹ́ òkúta ẹfun yẹn ni àwọ̀ ìyeyè kan yí òkè náà ká, tí wọ́n ń pè ní Yellow Band. Mábù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn òkúta ẹfun tí ooru inú ilẹ̀ ti tún ṣe. Lábẹ́ ìyẹn, òkúta dúdú tó ń ṣí ní abala-abala. Nísàlẹ̀ pátápátá, náìsì, ìyẹn òkúta líle onílà dúdú àti funfun, àti gíráníìtì funfun, ìdílé kan náà pẹ̀lú òkúta Ìdànrè. Ibi tó kan ẹni tó ń gùn ún jù nìyí: àwọn ìpele òkè wọ̀nyí da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà àríwá, síhà Tíbẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Tíbẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó ń rìn lórí páànù òrùlé ló máa rí. Gbogbo òkúta pẹlẹbẹ kọjú sísàlẹ̀, etí tí ọwọ́ lè dì mú ṣọ̀wọ́n, òkúta wẹ́wẹ́ àti yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tún wà lójú rẹ̀. Irú ojú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Edward Norton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gun òkè, ń rìn kọjá ní 1924, láìlo ọ́síjìn. Ó dé nǹkan bí 8,570 mítà kó tó padà, òkúta yìí sì wà lára ohun tó dá a padà.

Ọ̀nà àríwá yẹn náà ní ibi mẹ́ta tí òkúta ti dìde dúró bí ògiri lójú ọ̀nà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Second Step, ní nǹkan bí 8,610 mítà. Àwọn ará Ṣáínà gbé àkàbà irin síbẹ̀ ní 1975, àkàbà ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ títí dòní.

Ní ìhà Nepal, tí Edmund Hillary àti Tenzing Norgay gbà dé orí rẹ̀ ní 1953, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Orí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ìrìn ibẹ̀, ewu tó sì burú jù níbẹ̀ kì í ṣe ti òkúta: Khumbu Icefall ni, níbi tí odò yìnyín ti ń fọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn 16, ọmọ Nepal ni gbogbo wọn, ló kú síbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní 2014. Òkúta ò sì ṣàì sí lọ́nà náà. Ẹ máa ré Yellow Band kọjá lójú òkè Lhotse tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Everest, ibẹ̀ ni irin eléyín tí ẹ dè mọ́ bàtà á ti kúrò lórí yìnyín, táá máa ha òkúta gbàràgàdà. Ẹni tí kò bá tíì fi irin yẹn rìn lórí òkúta rí, ẹ̀rù á bà á.

Ẹ wá wo K2. Náìsì ló pọ̀ jù lára rẹ̀, gíráníìtì tó ti lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ tún ṣe. Òkúta tó le tó báyìí lè dúró ṣánṣán láì wó lulẹ̀. Odò yìnyín ti ha òkè náà láti ìhà gbogbo, ohun tó ṣẹ́kù sì ni òkè onígun tó ga ṣóńṣó. Lórí Everest, ẹ máa rí àfonífojì Western Cwm, ẹ máa rí South Col, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà ní nǹkan bí 7,900 mítà tí wọ́n ń pàgọ́ sí. K2 kò fún yín ní irú ẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ọ̀pọ̀ àgọ́ á sì máa rọ̀ mọ́ ibi tóóró. Tó bá rẹ̀ yín, ibi tí ẹ máa sinmi sí dáadáa ṣọ̀wọ́n. Tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́ náà.

Ọ̀nà Abruzzi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, ọ̀nà tí Achille Compagnoni àti Lino Lacedelli, ọmọ Ítálì, gbà dé orí rẹ̀ ní 1954. Ẹ máa gun House's Chimney níbẹ̀, ìsán kan nínú ògiri òkúta. Ẹ máa gun Black Pyramid, òkúta dúdú tó pò mọ́ yìnyín. Lókè wọn, ní nǹkan bí 8,200 mítà, ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Bottleneck, òkìtì yìnyín ńlá ló sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, yìnyín ibẹ̀ já, ó gé okùn lọ, èèyàn 11 ló sì kú lórí òkè náà láàárín ọjọ́ méjì. Tó bá di ti ìgbà òtútù, 1980 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gun Everest. Ti K2 di oṣù kìíní ọdún 2021 kí àwọn ọmọ Nepal 10 tó jọ dé orí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bá mi bẹ ẹni tó fẹ́ fi K2 bẹ̀rẹ̀ pé kó jáwọ́.

Makalu, 8,485 mítà, kò jìnnà sí Everest rárá, síbẹ̀ gíráníìtì ni, òun náà sì dúró ṣóńṣó. Ní Karakoram, gíráníìtì ló gbé àwọn òkè Trango ró, ògiri gíga tó ní ìsán tóóró gígùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, torí ìsán inú gíráníìtì máa ń di irin okùn mú gírígírí. Òkúta ẹfun tó dà sísàlẹ̀ lè máà fún yín ní ìsán kan tó ṣe é gbára lé.

Ẹ má sì rò pé òkúta líle kì í ṣubú o. Òkúta tó ń já lulẹ̀ wà lára ewu ọ̀nà Abruzzi. Tí oòrùn bá yọ́ yìnyín lọ́sàn-án, omi á wọ inú ìsán; á dì lóru, á wú, á sì máa ya òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Lóru, yìnyín ọ̀hún náà ló tún ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá là, ó tú u sílẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí àwọn tó ń gun òkè fi ń gbéra lóru, tí wọ́n sì ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Tí ẹni tó ń ṣamọ̀nà yín bá ní agogo 12 òru lẹ máa gbéra, ẹ má jiyàn.

Níbí ni Ìdànrè lè ti ṣì yín lọ́nà. Gíráníìtì ni, ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, òjò àti oòrùn ti ń bó o lábala títí orí rẹ̀ fi rí róbótó. Kò sí yìnyín tó ń fọ́ ọ. Ohun tí ẹ dì mú níbẹ̀ sábà máa ń dúró, ọwọ́ yín á sì kọ́ láti máa gbẹ́kẹ̀ lé òkúta. Ní Himaláyà, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkúta kí ẹ tó gbé ara lé e. Tó bá dún kì, ó dúró. Tó bá dún bí ohun tó ní ihò nínú, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ìdànrè báyìí kó lè mọ́ yín lára.

Ẹ lè kọ́ ìyókù nínú Ìbàdàn yìí. Òkè Mápó, Òkè Àárẹ̀ tí Bower's Tower wà, àti Mọ́kọ́lá, kúọ́tsáìtì ni wọ́n, yanrìn àtijọ́ tí ooru inú ilẹ̀ sọ di òkúta líle. Náìsì tó yí wọn ká ti jẹrà di ilẹ̀ pupa, àwọn kò jẹrà, ìdí tí wọ́n fi yọrí nìyẹn. Ẹ wá ibi tí odò ti fọ náìsì mọ́, ẹ máa rí ìlà dúdú àti funfun tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ wá ojú ìpele kan tó tẹ́, kí ẹ tú omi píọ̀ díẹ̀ lé e. Ibi tí omi bá ṣàn sí ni òkúta náà dà sí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gun ún láti ìhà tí omi ṣàn sí, kí ẹ sì tún gun ún láti òdìkejì, níbi tí etí àwọn ìpele ti yọ síta. Ara yín á sọ ìyàtọ̀ ìhà Tíbẹ́ẹ̀tì fún yín.

Tí ẹ bá ní kí n bá yín yan èyí tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni. Kilimanjaro ga tó 5,895 mítà, òkè oníná ni, ẹsẹ̀ lásán sì ni wọ́n ń fi gùn ún láì so okùn. Òkè Kenya, 5,199 mítà, kéré sí i, síbẹ̀ ẹ kò lè dé orí rẹ̀ láìmọ okùn lò. Òkè oníná lòun náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kú. Èèpo òde ti ṣí lọ, òkúta líle tó dì sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ṣẹ́kù, tó dúró ṣánṣán. Ọ̀rọ̀ Everest àti K2 yín náà ni, nílé wa níbí, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ lọ sí Kilimanjaro kí ẹ mọ bí ara yín ṣe ń gba òkè gíga, lẹ́yìn náà Point Lenana lórí Òkè Kenya, 4,985 mítà, tí kò gba okùn. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ògiri orí rẹ̀ lójúkojú.

Tí ẹ bá tún ń kọ̀wé sí mi lórí Himaláyà, ẹ kọ orúkọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà pẹ̀lú orúkọ òkè, kí ẹ sì sọ oṣù tí ẹ fẹ́ lọ. Nígbà náà ni mo lè sọ irú òkúta tí ẹ máa bá níbẹ̀ fún yín, láti àgọ́ dé àgọ́.