Ṣé kí n gbèjà ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń yọ lẹ́nu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdámọ̀ràn wa. Ọmọ ọdún 14 ni mí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń kólòlò. Tí tíṣà bá ti ní kó kàwé sókè, àwọn mẹ́ta kan á máa sín in jẹ. Ní báyìí, wọ́n tún ń gbé báàgì rẹ̀ pamọ́, wọ́n á sì máa ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń wá a kiri. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dá sí i, èmi ló máa kàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn kì í ṣe ìwà ojo. Ẹni tó bá dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí lè fara gbá nínú rẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí o gbèjà rẹ̀. Àfi pé gbígbèjà tí mo ń wí kì í ṣe kí o lọ kojú àwọn mẹ́ta yẹn.

Kíyè sí wọn dáadáa. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti sín in jẹ tán, ibo ló máa ń wò? Ẹ̀yin tó kù ló máa ń wò, bóyá ẹ óò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yín ni wọ́n ń jẹ yó. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ kò sì dùn sí i. Ta ló wá sọ fún ọ pé ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ náà ń dùn?

Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kánádà, Hawkins, Pepler àti Craig, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi kámẹ́rà wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe síra wọn níbi ìṣeré ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ mìíràn sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń yọ ẹnì kan lẹ́nu, àmọ́ nínú ìgbà 100, nǹkan bí 19 péré ni ẹnì kan dá sí i. Níbi tí wọ́n ti dá sí i, ó lé ní ìdajì tí ìyọlẹ́nu náà fi dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìyẹn kò tó àkókò téèyàn fi ń de okùn bàtà.

Nítorí náà, láti ọ̀la lọ, má rẹ́rìn-ín mọ́. Tí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ, má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, má sì pa á rẹ́. Àgbàlagbà kan máa nílò rẹ̀. Tí o bá mọ ibi tí wọ́n gbé báàgì sí, lọ gbé e. “Báàgì rẹ rèé, jẹ́ ká máa lọ.” Ó parí. Ẹ jọ máa lọ, má wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń lù ú, tàbí ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn, má sún mọ́ wọn. Sáré lọ pe àgbàlagbà.

Lọ bá tíṣà tí o fọkàn tán ní kọ̀rọ̀. Sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, àti àwọn tó wà níbẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ rẹ. Wọ́n lè pè ọ́ ní olófòófó. Olófòófó ń sọ̀rọ̀ kí ìyà lè jẹ ẹnì kan. Ìwọ ń sọ ọ́ kí ìyà lè kúrò lára ẹnì kan. Tí tíṣà yẹn kò bá kà á sí, wá ẹlòmíràn, kí o sì sọ fún àwọn òbí rẹ.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀. Lọ bá a nígbà tó bá dá wà. Bi í pé, “Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” Tó bá ń kólòlò bó ṣe ń dá ọ lóhùn, má bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dúró dè é. Sọ fún un pé o ti rẹ́rìn-ín rí, àti pé kó má bínú. Ó lè má fèsì lọ́jọ́ yẹn. Ṣáà jókòó tì í.