Kí ló kan ijó nínú ọ̀rọ̀ òkè gígun?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Dartmouth College ní Amẹ́ríkà. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ tuntun lọ sínú igbó, wọ́n gun òkè, wọ́n sì kọ́ wọn níjó. Ó ní ẹgbẹ́ agùnkè láwọn yunifásítì mìíràn náà a máa jó square dance. Kí nìtumọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ijó yẹn kì í ṣe eré lásán. Òun ni wọ́n fi ń sọ àlejò di ará ilé.

Èèyàn mẹ́jọ ló ń wà nínú agbo kan. Wọ́n á dúró ní méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, wọ́n á kọjú síra wọn. Ẹnì kan á dúró ti àwọn tó ń ta fáólìn àti bánjò (ohun èlò orin olókùn bíi gìtá), òun ló ń pe ijó. Bó bá pe “allemande left”, oníjó kò ní yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Aládùúgbò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì ni yóò fún lọ́wọ́ òsì, wọ́n á yí po, wọ́n á sì fira wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún fún ẹni yìí, ọwọ́ òsì fún ẹni tó kàn, títí yóò fi yí agbo po. Kí orin tó tán, kò sẹ́ni tí kò tíì bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Etí ni ijó náà ń fẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ mọ bí onídùndún ṣe ń fi ìlù sọ ohun tí oníjó máa ṣe. Ẹnu ni apeijó tiwọn fi ń sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò jó rí lè wọlé lójú ẹsẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni ìlànà ijó náà ti wá, ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ti òyìnbó nìkan ni. Láyé ẹrú, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sábà ń ta fáólìn níbi ijó àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń pe ijó. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú náà ló ṣe bánjò, wọ́n fi ohun èlò ilé wọn ṣe àwòkọ́. Ó ń dùn mí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń jó o kò gbọ́ èyí rí.

Ní 1909 ni wọ́n dá Dartmouth Outing Club, ẹgbẹ́ agùnkè ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín, sílẹ̀. Ní 1932, àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tàbí ti obìnrin nìkan. Dartmouth gan-an kò gba obìnrin títí di 1972. Bí wọ́n bá pàdé lórí òkè, wọn ò mọra. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ijó náà ti wúlò jù: onítìjú kò ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, apeijó ti sọ ọ́ fún un.

Èyí tí ọmọ yín kọ́ lè jẹ́ Salty Dog Rag. Ìyẹn kì í ṣe square dance gan-an. Ẹni méjì-méjì ló ń jó o, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ló ń kọ́ àwọn tuntun. Bẹ́ ẹ bá pè é, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ nìyẹn.